Bí a ṣe ń kọ àbá fún owó ìwádìí ìjọba lórí ọ̀nà tuntun láti wá àlùmọ́ọ́nì pàtàkì

Ọ̀pọ̀ àbá ìwádìí tí mo ti bá àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yẹ̀ wò ní Àkúrẹ́ ló ṣìnà láti orí àkọlé: wọ́n ń tọrọ owó láti lọ wá lithium, àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì. Wíwá lithium jẹ́ iṣẹ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, tí yóò sì jèrè bí ó bá rí i. Owó ìwádìí wà fún ọ̀nà tí a ó máa gbà wá a, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè tètè rí i, kí ìnáwó rẹ̀ sì dínkù. Nítorí náà, kí ẹ tó mú kálàmù, ẹ bi ara yín pé: kí ni ẹ̀rọ tàbí ìṣirò tí a ń lò lónìí kò lè rí, báwo ni a sì ṣe fẹ́ mú un ríran?

Fún àwa tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, ì báà jẹ́ FUTA (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́), Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá tàbí Rufus Giwa Polytechnic ní Ọ̀wọ̀, ẹnu ọ̀nà tó sún mọ́ wa jù ni TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, tí òfin ọdún 2011 gbé kalẹ̀, tí owó rẹ̀ sì ń wá láti inú owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san fún ìjọba. Ó ní owó ìwádìí tó ń gba ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wá, tó kéré, tó sì yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó tún ní National Research Fund, tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè jọ ń du. Àkọsílẹ̀ èrò ṣókí ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà níbẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá sì yege ni wọn yóò ní kó kọ àbá kíkún. Horizon Europe, ètò owó ìwádìí ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó ń lọ láti 2021 sí 2027, fàyè gba ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà tó bá wà nínú ẹgbẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù kó jọ, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú àlùmọ́ọ́nì kan ṣoṣo, kí ẹ sì mọ ẹni tó pè é ní pàtàkì. Nínú àwọn méje tí ìjọba Nàìjíríà ti ń fi síwájú láti ọjọ́ pípẹ́, bitumen (ọ̀dà dúdú tí a fi ń ṣe títì) wà níbẹ̀ pẹ̀lú èédú, wúrà àti irin. Nínú ìwé tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2022, tó ka àlùmọ́ọ́nì 50 sí pàtàkì, kò sí bitumen. Lithium, graphite, nickel, cobalt àti tantalum ló wà níbẹ̀. Ọmọ Oǹdó tó bá gbé bitumen Àgbábù lọ sí òkèèrè lábẹ́ orúkọ yìí ti fi ẹsẹ̀ kọ kí ó tó débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà lè wọ̀ létí ní Àbújá.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ ni fífi àlàfo hàn pẹ̀lú iye. Láti 2003 lọ, Nigerian Geological Survey Agency mú kí ọkọ̀ òfurufú yẹ ilẹ̀ wa wò, ó ń wọn agbára òòfà ilẹ̀ àti ìtànṣán tó ń jáde lára potassium, uranium àti thorium. 500 mítà ló wà láàárín ìlà kan tí ọkọ̀ náà tọ̀ àti èkejì. Àpáta pegmatite (àpáta tí hóró rẹ̀ tóbi) tó lè ní lithium nínú, irú èyí tó wà ní Ìjerò-Èkìtì, tí í ṣe ara Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa títí di 1996, lè má fẹ̀ ju mítà díẹ̀ lọ. Ọkọ̀ lè gba ọ̀tún àti òsì rẹ̀ kọjá kó má mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Bí ẹ bá wá dábàá dúrónù tí yóò tọ ìlà tó fi 50 mítà jìnnà síra, ẹni tó ń kà á yóò rí ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè tó tẹ̀lé e: pegmatite kì í sábà ní òòfà púpọ̀, kí ni dúrónù yín fẹ́ rí? Ẹ lè dáhùn pé ẹ̀ ń wá ojú ibi tí àpáta ti là, tí pegmatite máa ń gbà wọlé, kì í ṣe pegmatite fúnra rẹ̀.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti bá èmi náà rí. Nígbà kan, a kọ àbá tí apá tó pọ̀ nínú owó rẹ̀ wà fún ẹ̀rọ XRF àfọwọ́gbé, tó ń fi ìtànṣán mọ ohun tó wà nínú òkúta, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò sì kọ ìlà kan sí i pé ẹ̀rọ náà kò lè rí lithium. Òótọ́ ló sọ: lithium fúyẹ́ jù, ìtànṣán tó ń ti ara rẹ̀ jáde kò lágbára tó láti dé ojú ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ̀rọ náà lè wọ̀n dáadáa ni potassium àti rubidium. Nínú pegmatite tó ti yàtọ̀ púpọ̀ sí àpáta tó bí i, rubidium a máa pọ̀ sí i nínú feldspar àti mica, àwọn hóró tó wà nínú àpáta náà, ìwọ̀n potassium sí rubidium a sì máa wálẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ti ń retí lithium. Àbá tó bá ní òun yóò dán ìwọ̀n yìí wò lára òkúta agbègbè wa, tí yóò sì fi èsì yàrá àyẹ̀wò ṣe adájọ́, ní ìbéèrè gidi nínú, ẹ̀rọ tí kò nídìí láti tọrọ tẹ́lẹ̀ yóò sì wá ní ìdí.

Ẹ kọ́kọ́ dán ọ̀nà yín wò níbi tí a ti mọ ìdáhùn. Ìjerò yẹ fún èyí. Bí ọ̀nà náà kò bá rí pegmatite tí gbogbo ayé mọ̀, kò sí ìdí láti gbé e lọ sí inú àpáta ìhà Ìdànrè. Ẹ sì kọ sínú àbá, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, irú èsì tí yóò mú yín gbà pé ọ̀nà náà kò ṣiṣẹ́.

Ẹ má sì ra ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 àti Landsat kò gba kọ́bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé kòkó àti igbó ni ó máa ń rí jù ní ìhà wa. Ní Amẹ́ríkà, àjọ DARPA (ti ìwádìí ọ̀rọ̀ ààbò) àti USGS (ti ìmọ̀ ilẹ̀) pawọ́ pọ̀ láti mú kí kọ̀ǹpútà máa ka àwọn máàpù àtijọ́ tí ọwọ́ ènìyàn yà. Máàpù irú bẹ́ẹ̀ wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú, olùkọ́ tí kò ní owó ẹ̀rọ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìṣirò owó, díẹ̀díẹ̀ ni owó ń wọlé, ẹ má sì to iṣẹ́ tí ẹ ó lọ ṣe lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sí ìparí gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wọn bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú ilẹ̀ kọjá ní ìgbà ẹ̀rùn, ẹ fi owó omi tí ẹ ó dà sí ilẹ̀ náà sí i, nítorí ilẹ̀ pupa tó gbẹ kì í jẹ́ kí iná wọlé láti ara irin tí a gún mọ́ ọn. Ẹ wádìí ní Mining Cadastre Office, ọ́fíìsì ìjọba tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà, bóyá ẹnìkan ti ní ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ náà lábẹ́ òfin ọdún 2007, kí ẹ sì lọ kí baálẹ̀ àti àwọn tó ni oko kí wáyà tó gba abẹ́ igi kòkó wọn kọjá. Ẹni tó bá rí irin àti wáyà nínú oko rẹ̀ láìgbọ́ nǹkan kan yóò rò pé awakùsà tí kò gbàṣẹ ni yín, kò sì ṣẹ̀.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ fún ẹnìkan tí kì í ṣe onímọ̀ ilẹ̀ kà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìparí, nítorí ẹni tí yóò buwọ́ lù ú lè ti rin ìrìn-àjò.