Bẹ́ ẹ ṣe máa fi àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹja òkun wéra tẹ́ ẹ bá ń gbé Ìlọrin

Ẹja òkun ni mò ń sìn nínú gíláàsì nílé, ní Tanke, Ìlọrin níbí. Kì í ṣe ẹja ọbẹ̀ o, àwọn aláwọ̀ mèremère tó máa ń wẹ̀ káàkiri ara òkúta yẹn ni mò ń sọ. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ pálọ̀ mi ló máa bi mí pé níbo ni mo ti ń rà wọ́n, mi ò sì lè dá wọn lóhùn ní gbólóhùn kan, torí kò sí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tí mo ti ń ra gbogbo ẹ̀. Ibi tí iyọ̀ ti dáa, ẹja ibẹ̀ lè má dáa. Ẹni tó mọ kọ́ràlì, ìyẹn ẹran inú òkun tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta, tọ́jú dáadáa lè máa ta test kit tí wọ́n fi ń yẹ omi wò tí déètì ẹ̀ ti lọ. Torí náà ẹ mú ìwé kan, ìwé olójú-ewé ogójì tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò ti tó, kẹ́ ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà.

Ìlọrin ò súnmọ́ òkun. Odò Asà la ní, ẹni tó bá sì lọ sí Jẹ́bà á rí odò Ọya, omi tí ò níyọ̀ ni méjèèjì. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹja ọ̀ṣọ́ tí mo ti yà nílùú yìí, goldfish, guppy àti koi ni mo máa ń bá jù, àwọn yẹn ò fẹ́ iyọ̀. Tó bá wá di ti ẹja òkun, Èkó ni, nǹkan bíi kìlómítà 300, yálà kẹ́ ẹ lọ fúnra yín àbí kí wọ́n fi wébíìlì ránṣẹ́. Etí òkun wa gan-an ò ní òkìtì kọ́ràlì bíi ti àwọn ilẹ̀ kan. Indonéṣíà, Filipínì, Sri Lanka, Kẹ́ńyà, irú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹja yìí sínú bàálù kiri ayé. Ẹ wá rò ó wò: wọ́n mú un nínú òkun, ó sun inú náílọ́ọ̀nù, ó wọ bàálù, ó dé Èkó, wọ́n tún dì í, ó gba Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá yín. Ẹja tí ò bá tíì sinmi ti bàálù tán tó tún wọ mọ́tò, kò ní pẹ́ lọ́wọ́ yín rárá.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí n tó béèrè iye, ọjọ́ tó dé ni mo máa kọ́kọ́ béèrè. "Alàájì, ẹ kú ọjà o, ọjọ́ wo lẹja yìí dé?" Tó bá ní "ó ti pẹ́ díẹ̀," mo máa rọra tún un béèrè. Ẹni tó mọ ọjà ẹ̀ máa sọ ọjọ́ fún yín, ẹlòmíì á tiẹ̀ ti kọ ọ́ sára gíláàsì. Ọ̀sẹ̀ méjì lèmi ń fẹ́, ó kéré tán. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ èyí, ọjọ́ tí wọ́n ń tú páálí gan-an ni mo dé ṣọ́ọ̀bù kan, inú mi dùn pé mo bá èyí tó fresh, mo kó mẹ́ta wálé, kó tó di ọjọ́ kẹrin méjì ti kú. Ó dùn mí gan-an ni, torí ohun ẹlẹ́mìí ni. Báyìí tí ẹja bá wù mí tí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo máa san owó díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n bá mi fi í síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó bá gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata, mo máa fi àmì ńlá síwájú orúkọ ẹ̀ nínú ìwé mi.

Ìbéèrè kejì, ẹ ní kí wọ́n bọ́ ọ lójú yín. Ẹ má tijú. Ẹja tó bá sáré wá gba oúnjẹ, tó gbé e mì tí kò pọ̀ ọ́ síta, ara ẹ̀ le nìyẹn. Kí wọ́n má kàn sọ pé "ó ń jẹun," ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ, ṣé oúnjẹ gbígbẹ ni àbí èyí tó wà nínú fírísà, torí ohun tó bá ń jẹ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ máa ní láti ní nílé kó tó dé. Àwọn ẹja kan wà tí wọ́n rẹwà ju gbogbo ẹ̀ lọ tó jẹ́ pé àtijẹ wọn le. Mandarin fish, àwọn kòkòrò inú omi tíntìntín ló fẹ́ máa ṣa jẹ lára òkúta látàárọ̀ ṣúlẹ̀, táǹkì tuntun ò lè bọ́ ọ yó. Àwọn butterflyfish míì sì wà tó jẹ́ kọ́ràlì gan-an ni wọ́n ń jẹ.

Èmi tiẹ̀ ní ìbéèrè kan tí mo fi máa ń dán ẹni tó ń tajà wò. Mo máa ní táǹkì mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, ṣé mo lè fi blue tang sí i? Ẹja yẹn kékeré ló máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ tó bá dàgbà ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ó sì fẹ́ràn kó máa sáré lọ sáré bọ̀. Ẹni tó bá ní "kò sí wàhálà, mú un lọ," mi ò ní ra ẹja lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá ní rárá, tó wá júwe clownfish tó kéré fún mi, tó tún ṣàlàyé pé inú táǹkì ni wọ́n ti bí i kì í ṣe pé wọ́n lọ mú un nínú òkun, òun ni mo máa jókòó tì. Ó ṣe pàtàkì kẹ́ ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti mú ẹja, torí ní Filipínì àti Indonéṣíà àwọn apẹja kan ṣì ń fi májèlé cyanide mú ẹja lára òkúta bí òfin ò tiẹ̀ gbà á, ẹja yẹn lè máa jẹun dáadáa kó sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ dúró síwájú gíláàsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣáà máa wò ó. Ṣé ó ń mí gúlegúle? Ṣé ikùn ẹ̀ ti wọnú? Ṣé funfun kan wà lára ẹ̀ bíi iyọ̀ tí wọ́n bù wọ́n ọn? Àìsàn ich nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sì rí ẹja tó ń fara ha òkúta, ó ṣeé ṣe kó ti wà lára ẹ̀ kí funfun ẹ̀ tó yọ. Ẹ béèrè bóyá omi kan náà ló ń yí gbogbo gíláàsì ká. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àìsàn ẹja kan, àìsàn gbogbo wọn ni, ẹ má wo kìkì èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Òkú ẹja kan láàárọ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn, ó máa ń ṣẹlẹ̀ síbi gbogbo, àmọ́ tí mo bá padà lọ́sàn-án tó ṣì wà níbẹ̀, mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí. Àárọ̀ ọjọ́ tí kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, èrò ò ní pọ̀, wọ́n á lè dá yín lóhùn, kẹ́ ẹ sì lọ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun.

Ẹ gbé refractometer tiyín dání, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi, ẹ bẹ̀ wọ́n kẹ́ ẹ kán omi wọn kan sí i. Omi òkun gan-an, 1.025 sí 1.026 ni (bó ṣe wúwo ju omi lásán, tó jẹ́ 1, lọ nìyẹn), ìyẹn gíráàmù iyọ̀ bíi 35 nínú lítà kan. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń mú ti gíláàsì ẹja wálẹ̀ sí 1.020 tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀, iyọ̀ á fi pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò bá wọn jà sí ìyẹn, àmọ́ ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, ẹ máa lò ó tẹ́ ẹ bá délé. Ẹ tún bi wọ́n bóyá kọ́pà wà nínú omi wọn, torí wọ́n fi ń wo àìsàn ẹja, àmọ́ ó ń pa kọ́ràlì, edé àti ìgbín. Òkúta tó bá ti wà nínú omi kọ́pà, ẹ má rà á fún táǹkì kọ́ràlì láéláé.

Ó ku ti iyọ̀ àti irinṣẹ́, ìyẹn rọrùn, owó àti déètì lẹ máa fi wé e. Ẹ má wo iye tí wọ́n kọ sára báágì, ẹ wo iye lítà tó máa ṣe, kẹ́ ẹ fi pín owó ẹ̀. Táǹkì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 ní gígùn, 1.5 ní fífẹ̀, 1.5 ní gíga, ó ń gbà tó lítà 190, ìyẹn kílò iyọ̀ bíi 6 àti ààbọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ lítà 20 lọ́sẹ̀, gíráàmù 700 ni lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n tú sí náílọ́ọ̀nù tí kò lórúkọ, mi ò kí ń fọwọ́ kàn án, èyí tó bá sì ti di òkúta nínú báágì, omi ti wọ̀ ọ́. Iyọ̀ ọbẹ̀ ò lè ṣe é, kò ní calcium àti magnesium tó yẹ. Àwọn kan máa ń pọn omi sínú jálá wá láti Èkó tí wọ́n á ní omi òkun ni, ọ̀pọ̀ ìgbà omi ọ̀sà ni, omi ọ̀sà Èkó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máà níyọ̀ mọ́ tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, yàtọ̀ sí ìdọ̀tí tó wà nínú ẹ̀.

Ti omi tẹ́ ẹ máa po iyọ̀ sí, Ìlọrin lẹ ti máa rí i. Omi ẹ̀rọ máa ń ní chlorine, bọ́hòólù sì yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò, ẹ ra TDS meter kékeré, tó ń wọn nǹkan tó ti yòrò sínú omi, kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Òǹkà tó bá súnmọ́ òdo lẹ ń wá, ẹni tó ní ẹ̀rọ RO/DI, tó ń sẹ́ omi títí á fi mọ́ pátápátá, lè máa tà á fún yín ní jálá. Nígbà ọyẹ́ àti nígbà ooru oṣù kẹta, omi máa ń fà gan-an nílùú yìí, iyọ̀ ò kí ń bá a lọ, torí náà omi lásán lẹ máa fi dí i, ẹ má fi omi oníyọ̀ dí i. Fáànù kékeré tẹ́ ẹ bá kọ sójú omi máa jẹ́ kó tutù, dígírì Celsius 24 sí 27 ló yẹ kó wà. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ta pọ́ǹpù atẹ́gùn oníbátìrì, ẹ ra méjì lọ́wọ́ ẹ̀, nítorí ìgbà tí iná bá lọ.

Kọ́ràlì ló gba àkókò jù. Iyùn tí ọba ń wọ̀ sọ́rùn, egungun ẹran inú òkun kan ni, ẹbí ẹ̀ ni èyí tí ẹ ń rí nínú gíláàsì tó ṣì ń mí yìí, ẹran ni, kì í ṣe ewéko. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n gé lára ìyá ẹ̀, bá a ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́ gbìn ni wọ́n ṣe ń gé e, tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ òkúta kékeré tó gbé e dání, tó ti bo ojú ibi tí wọ́n ti gé e, ó ti mọ ilé gíláàsì lára. Kọ́ràlì olókùúta wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko inú igbó àti inú omi láti ilẹ̀ kan sí òmíì, ìwé àṣẹ ló fi ń kọjá bodè, kò burú tẹ́ ẹ bá béèrè ìwé yẹn. Ẹ wò ó bóyá ẹran ara ẹ̀ ti ń ká kúrò lára egungun funfun, ìyẹn ti ń kú. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé mélòó ni alkalinity wọn, ìyẹn ohun inú omi tí kì í jẹ́ kó kan, 8 sí 12 dKH ló yẹ kó wà, àti calcium, mílígíráàmù 400 sí 450 nínú lítà kan. Ẹni tí ò bá mọ nọ́ńbà yẹn, kò tíì wọn omi ẹ̀ rí nìyẹn. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, zoanthid, mushroom àti leather coral ló rọrùn, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí yín ni mo ń rò o: zoanthid kan ní májèlé palytoxin tó lágbára gan-an, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú, ẹ má sì se òkúta tó wà lára ẹ̀ lórí iná, ooru tó bá ń rú jáde lára ẹ̀ lè ṣe yín ní jàǹbá. Ṣọ́ọ̀bù tó bá kìlọ̀ èyí fún yín kẹ́ ẹ tó béèrè, ẹ máa padà síbẹ̀.

Tó bá wá kan dídì, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tó mọ̀nà Ìlọrin ti ń yàtọ̀. Kí wọ́n má bọ́ ọ lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò. Ẹja kan nínú náílọ́ọ̀nù kan, kí wọ́n dì í ní ìlọ́po méjì, omi ìdá kan, atẹ́gùn oxygen ìdá méjì, kẹ́ ẹ kó o sínú kúlà kó ṣókùnkùn, kẹ́ ẹ sì wọ mọ́tò ìdájí kí oòrùn tó mú. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé ni kẹ́ ẹ ti po omi gíláàsì ìyàsọ́tọ̀, lítà 40 sí 60 ti tó, sí nọ́ńbà iyọ̀ ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ló máa gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tẹ́ ẹ á máa gbé iyọ̀ ẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, kó tó wọ táǹkì ńlá. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù léfòó lójú omi fún ìṣẹ́jú 15 láìtú u. Tẹ́ ẹ bá ti tú u, ẹ má fi rọ́bà dírípù kán omi sí i fún wákàtí kan bí àwọn kan ṣe ń sọ, ìyẹn wà fún ẹja ìtòsí. Èyí tó ti wà nínú náílọ́ọ̀nù fún wákàtí méje mẹ́jọ, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹ̀ ti di ammonia, èémí tó mí jáde ni ò jẹ́ kó le, tí atẹ́gùn bá wọlé kíkan omi á dínkù, ìyẹn ni pé pH ẹ̀ á lọ sókè, ammonia yẹn á di májèlé kíá. Ẹ gbé ẹja nìkan, ẹ da omi náílọ́ọ̀nù nù, ẹ pa láìtì títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Tílẹ̀ bá mọ́, mo máa ń fi fídíò ẹja náà ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á lórí WhatsApp, ohun tó bá sì fèsì ni mo máa kọ sínú ìwé mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí mo rà á.