Bí mo ṣe gbé Python sórí láptọ́ọ̀pù láìní kọ̀ǹpáílà

Àbúrò mi fẹ́ kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ó ní kí n bá òun gbé e sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ rẹ̀. Nílé wa ní Àkúrẹ́ níbí, iná ti lọ, bátìrì sì ń kú lọ. Mo kánjú, mo wa fáìlì tí mo kọ́kọ́ rí. Nígbà tí mo tú u, fáìlì .c àti .h, ìyẹn kóòdù èdè C tí wọn kò tíì sọ di ètò, ló kún inú rẹ̀. Àgbàdo tútù ni mo rà, ẹ̀kọ ni mo ń wá. Kọ̀ǹpáílà ló máa sọ ọ́ di ohun tó ń ṣiṣẹ́, ti Windows sì ń jẹ dátà gan-an. Ta ló fẹ́ san owó yẹn?

Àṣé ẹ̀kọ ti jinná sílẹ̀ ní python.org: "embeddable package", zip tí kò ju nǹkan bíi MB 10 lọ. Mo tú u sí C:\py, mo tẹ python.exe, àmì >>> tí Python fi ń dúró de àṣẹ yọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti dáhùn!"

Kò tíì tán o. Zip yìí kì í gbé pip, irinṣẹ́ tó ń gbé àfikún Python wọlé, wá. Mo fi get-pip.py gbé e wọlé, síbẹ̀ "No module named pip" ló ń sọ. Ó tó wákàtí kan kí n tó ṣí python312._pth, fáìlì tó ń sọ ibi tí Python máa wá nǹkan sí, nínú Notepad. Ìlà tó gbẹ̀yìn rèé:

#import site

Àmì # ló ń mú kí Python fo ìlà náà. Mo yọ ọ́, mo tọ́jú fáìlì, pip jẹ́ ìpè. Ní báyìí, bí mo bá ń fi pip gbé nǹkan wọlé, mo máa ń fi --only-binary=:all: sí i, kí ó mú kìkì èyí tó ti jinná, kí ó má baà tún máa béèrè kọ̀ǹpáílà lọ́wọ́ mi.