Kọ́mà ló gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi

Olóòtú jọ́nà, ìwé tí wọ́n ń gbé ìwádìí jáde sí, dá iṣẹ́ wa padà nítorí àwòrán kan ṣoṣo. Ohun tí mo yà lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ spectrophotometer, ẹ̀rọ tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra tó, ni mo fi ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́, gbogbo ìlà rẹ̀ di wúruwùru. Wọ́n ní kí n fi PDF ránṣẹ́, tàbí àwòrán tó tó 600 dpi (iye àmì tíntìntín inú íǹṣì kan). Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ.

Mo gbé nọ́ńbà inú ẹ̀rọ náà jáde ní CSV, fáìlì tí kọ́mà ti ń pín òpó sọ́tọ̀, mo gbé e lọ sílé. Wàhálà dé. Láti 200 dé 800 nm (nanomita), ìlà kan fún nm kọ̀ọ̀kan, ìlà 601 ló yẹ kí n rí, òpó méjì péré: gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ àti absorbance, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ tí kẹ́míkà náà gbà mọ́ra ṣe pọ̀ tó. Òpó mẹ́rin ni mo bá. Mo rò pé fáìlì ló bàjẹ́, mo tún un gbé jáde lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé Excel ni, mo fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kà á, ibi kan náà ló já sí. Mo tiẹ̀ tún àyẹ̀wò náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́míkà tó kù nílẹ̀ sì bá a lọ. Ìyẹn ló ká mi lára jù.

Ní ọjọ́ kẹta ni mo tó fi Notepad ṣí i, tí mo ka ìlà kan fúnra mi: 400,0,0,482. Ìlànà Jámánì ni wọ́n fi ṣètò kọ̀ǹpútà náà, kọ́mà sì ni àwọn ará Jámánì ń kọ níbi tí èmi ń kọ póìntì. Kọ́mà yìí kan náà ló tún ń pín òpó! 400.0 là sí méjì, 0.482 náà là sí méjì, ẹ̀rọ náà kò sì kìlọ̀ rárá. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Mo padà lọ yan Tab láti máa pín òpó, mo sì kọ decimal="," nínú pandas, irinṣẹ́ Python tó ń ka fáìlì, kó lè mọ̀ pé kọ́mà ló dúró fún póìntì. Òpó méjì, ìlà 601, ó pé pérépéré.

Yíya gíráàfù kò pẹ́. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 85 mm látìbẹ̀rẹ̀ kí lẹ́tà má baà kéré jù lójú ìwé. Mo fi búlúù àti ọsàn rọ́pò pupa àti àwọ̀ ewé, torí àwọn tí ojú wọn kì í mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Bí mo ṣe fẹ PDF náà tó, ìlà rẹ̀ ń dán ni. Orí mi wú.

Ẹ ka ìlà márùn-ún nínú Notepad kí ẹ tó kúrò nídìí ẹ̀rọ, kí ẹ má sì gé àkọlé orí fáìlì dànù. Olóòtú béèrè bí slit, ihò tóóró tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ náà, ṣe fẹ̀ tó. Inú àkọlé yẹn ni mo ti rí i.