Rasp fern mi ò gbẹ mọ́

Rasp fern tí mo gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Brisbane fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ewéko kékeré ni, ìlà-oòrùn Ọsirélíà níbí ló ti ṣẹ̀. Tí ewé rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó máa ń pọ́n bí ẹni ta epo sí i. Tó o bá fọwọ́ pa á, á ha ọ́ lọ́wọ́ bí ewé eépín. Àmọ́ tèmi ń gbẹ, ó ń rún wómúwómú. Mo rò pé omi ni kò tó, mo bá ń bomi rin ín ṣáá. Asán.

Àṣé ìhà àríwá ilé tí mo gbìn ín sí ni, mo gbàgbé pé níbí, ọ̀hún ni oòrùn máa ń gbà kọjá! Mo hú u tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ó di ìhà gúúsù, lábẹ́ òjìji ògiri. Mi ò rì í jìn: ojú ibi tí ewé ti ń yọ kò gbọdọ̀ wọlẹ̀. Mo da ewé jíjẹrà yí i ká, mo gé àwọn tó ti gbẹ dànù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀mùnú pupa méjì yọ, wọ́n lọ́ ká bí ìrù agẹmọ.