Ẹ má da igi efínrín nù

Igi efínrín tẹ́ ẹ bá rà ní Ọjà Ọba, ẹ má jù ú nù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá já ewé rẹ̀ tán. Ẹ ṣa ẹ̀ka tí kò tíì gbó jù, kó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ gé e lábẹ́ oríkèé, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti máa ń yọ. Ẹ ré ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ fi méjì-mẹ́ta sílẹ̀ lókè, kẹ́ ẹ gbìn ín sínú ilẹ̀ tútù níbi tó ní ìbòòji. Lóṣù Karùn-ún, tí òjò Òṣogbo bá ti ń rọ̀ déédéé, ẹ ò ní ṣe wàhálà omi.

Bó bá ti mú ilẹ̀, orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ré, ẹ má máa já ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ré e, ẹ̀ka méjì ló máa yọ. Ẹ ré òdòdó náà pẹ̀lú, torí bó bá ti ń so, ewé rẹ̀ á kéré. Èmi a máa fi orí kan sílẹ̀ fún oyin (ìyá mi ní ìwà ọ̀lẹ ni). Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gé e kúrú. Ó máa rú padà.

Ẹ fi ẹ̀gún yí i ká o. Adìẹ àdúgbò wa ní Òkè-Baálẹ̀ kì í dá ohun tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn sí.