Bí A Ṣe Ń Fi Ẹsẹ̀ Eku Dán Agbára Dexamethasone Wò

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó ìlò ẹranko, nítorí pé iṣẹ́ yìí ń dun eku, ìrora rẹ̀ kò sì yẹ ní fífojú kéré. Ẹ wọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn eku funfun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún ọ̀wọ́ kan ní dexamethasone, oògùn tí ń dín wíwú kù, kí ẹ sì fún èkejì ní omi oníyọ̀ lásán. Lẹ́yìn wákàtí 1, ẹ gún 0.1 mílílítà omi carrageenan 1%, èròjà inú ewé òkun tí ń mú kí ẹsẹ̀ wú, sí abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀wọ́ méjèèjì. Ẹ má ṣe fo wákàtí yẹn, nítorí pé oògùn náà gbọ́dọ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kí ó sì dá àwọn jíìnì tí ń fa wíwú dúró, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láàárín wákàtí 3 sí 5 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ carrageenan ni ìyàtọ̀ wíwú ẹsẹ̀ láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì máa ń hàn jù.