Bí kíláàsì rẹ ṣe lè bí ìwádìí fún ọ

Àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, mo mọ̀ pé wọ́n ti di kọ́ọ̀sì mẹ́ta rù ọ́, o sì ń wá ìgbà tí wàá ráyè ṣe ìwádìí. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe nígbà tí mo wà ní Lecturer II. Ọdún mẹ́ta gbáko, pépà kan péré ni mo rí kọ. Àwọn ọmọ 100 level ló yọ mí.

Mo ní kí wọ́n fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ka iye lẹ́tà tó wà nínú orúkọ wọn. Ọmọ kan tẹ “Ṣẹ́gun”. Márùn-ún ni ojú gbogbo wa rí. Kọ̀ǹpútà ní 6. Ẹni tó jókòó tì í fi kíbọ́ọ̀dù mìíràn tẹ orúkọ kan náà, tirẹ̀ ní 8. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀: má purọ́ bo ohun tí o kò mọ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan kí o tó kúrò ní kíláàsì.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tú u wò. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà, fún Ṣ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún ẹ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tó ní àmì òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àmì òkè yẹn dá dúró lọ́tọ̀. Ìyẹn ló mú 6 wá. Bí kíbọ́ọ̀dù bá tún ya àmì abẹ́ kúrò lára S àti e, ó di 8. Ẹni tó bá fi ọ̀kan wá èkejì nínú àkójọ orúkọ lè má rí i láé, bẹ́ẹ̀ ojú kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Àṣẹ Python tó ń jẹ́ unicodedata.normalize ló ń sọ méjèèjì di ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, gé ìbéèrè náà wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá. Ẹnì kan ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ń ka irú àmì tí wọ́n lò, ẹlòmíràn ń dán ìwákiri wò. Fi orúkọ wọn sórí pépà. Ọ̀gá tó ń jẹ iṣẹ́ ọmọ ní àjẹgbé ti pọ̀ jù.

Kí o tó fi pépà náà ránṣẹ́, ka ìlànà ìgbéga yunifásítì rẹ. Lọ́dọ̀ wa, jọ́nà, ìwé àtẹ̀jáde ìwádìí, ni wọ́n ń kà sí jù, bẹ́ẹ̀ àpérò ni àwa oníkọ̀ǹpútà ń sáré sí. Jọ́nà tó bá ń béèrè owó kí ẹnikẹ́ni tó ka iṣẹ́ rẹ, tó tún ní òun á gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́ta, sá fún un.

Ní oṣù mẹ́jọ tí a fi yanṣẹ́ lódì ní 2022, ìwé kékeré yẹn ló bá mi jókòó. Pépà méjì ló jáde nínú rẹ̀.

Rẹ́jísítà kíláàsì rẹ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Mú orúkọ mẹ́wàá tó ní àmì, tẹ̀ wọ́n lórí fóònù, tún wọn tẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù, kí o wo iye tí len, àṣẹ Python tó ń ka iye, máa pè.